Etí Àyálò Ló Kún Gbọ̀ngàn

Ẹni tó ni ìtàn yìí ní kí n má dárúkọ òun. Mo ní kò burú. Ó ní kí n má dárúkọ yunifásítì tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo tún ní kò burú. Ó wá ní ṣé mi ò lè fo ibi tí òun ti ń pariwo bẹ̀bẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò ni? Mo ní ìyẹn ló burú, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti rẹ́rìn-ín jù. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo rẹ̀ rèé, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn-Kún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, orúkọ náà kò sì ṣàdédé wá. Òun ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba nínú ọgbà yunifásítì. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á pe ẹni tó mọ̀ nípa ìràwọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á pe oníjó, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á pe ẹni tó ń mọ ìkòkò. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ akẹ́kọ̀ọ́. Kíláàsì tí bàbá rẹ̀ sanwó fún gan-an, ó ń sá fún un. Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ nípa ìkòkò ni yóò wá sáré lọ gbọ́?

Lọ́dún tí Gbọ̀ngàn-Kún kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ rí màbo. Àlejò pàtàkì kan sọ̀rọ̀ títí, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ àyàfi ọkùnrin tó fẹ́ ti gbọ̀ngàn pa kó lè máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wọn obìnrin, olórí ọ́fíìsì ètò àṣà, ránṣẹ́ pè é.

"Ṣé àga lo pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni àbí ènìyàn?"

"Ènìyàn ni, mà."

"Àga ni mo rí nínú fọ́tò." Ọ̀gá ti fóònù sí i níwájú. "Bí fọ́tò bá tún rí báyìí, wọ́n á gba gbọ̀ngàn yẹn lọ́wọ́ wa, wọ́n á kó tábìlì tẹníìsì síbẹ̀. Ìwọ ni wàá máa bá wọn ṣa bọ́ọ̀lù."

Bó ṣe di pé ó wá ọgbọ́n dá sí i nìyẹn. Ó rí ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń sùn nídìí ògiri á ta jí. Alátẹ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Alátẹ́wọ́ ló ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀. Gbọ̀ngàn-Kún á fún wọn ní kéèkì àti ohun mímu tútù, àwọn náà á jókòó, wọ́n á máa mi orí níbi tó yẹ, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ níbi tó yẹ.

Ìbéèrè ló wá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Gbogbo àlejò ló máa ń fi àkópọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Gbọ̀ngàn-Kún á kà á, á ti inú rẹ̀ hú ìbéèrè tó gbámúṣé jáde, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó máa béèrè. Bí àlejò bá ti sọ̀rọ̀ tán, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún. Àmì nìyẹn. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè káàkiri gbọ̀ngàn.

Inú àwọn àlejò máa ń dùn débi pé wọn kì í fẹ́ lọ sílé mọ́. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní làákàyè o," ni wọ́n máa ń wí. Fọ́tò sì ń jáde dáadáa.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí. Gbọ̀ngàn-Kún kò tíì gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Bí àlejò bá ń sọ̀rọ̀, òun á máa ka orí, á máa wá wáyà máìkì, á máa sá tọ kéèkì lọ síta. Bí ẹ bá bi í ní ohun tí onímọ̀ ìràwọ̀ sọ, ohun tó máa sọ fún yín ni iye ènìyàn tó wá.

Ibi tó wà nìyẹn tí ìfẹ́ fi dé.

Apòògùn ni ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ lọ sí, ó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ikọ́ ló gbé Gbọ̀ngàn-Kún débẹ̀, ikọ́ lọ, òun ò lọ. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó kù sí ọwọ́ bàbá ọmọbìnrin yìí kó rí i pé ẹni gidi ló ń fẹ́ ọmọ òun.

Bàbá náà kì í ṣe ẹni àná. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ní yunifásítì yìí kan náà, kó tó fẹ̀yìn tì. Ohùn ẹyẹ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ènìyàn: èyí tó ń kọ láàárọ̀, èyí tó ń bínú, èyí tó ń wá ọmọ rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́yẹ ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbàkígbà tí Gbọ̀ngàn-Kún bá lọ kí i nílé, rédíò a máa ké débi pé gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, bàbá á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín tán. Gbọ̀ngàn-Kún rò pé bàbá fẹ́ràn ìròyìn ni, ọmọbìnrin náà sì rò pé agídí àgbà ni.

Ọ̀gá obìnrin ló dábàá pé kí wọ́n pe Bàbá Ẹlẹ́yẹ wá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ Gbọ̀ngàn-Kún ò kanlẹ̀ mọ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ apòògùn rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń to ìgò oògùn ikọ́ sórí pẹpẹ. Ọmọbìnrin náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó wá gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé wàá yá etí fún bàbá mi náà?"

"Etí wo?"

"Má fi mí ṣeré. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ oníkòkò yẹn. Ọmọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ nípa amọ̀, kò mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ṣe ló ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn."

Gbọ̀ngàn-Kún rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ò bá a rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́ mi. Látìgbà tí màmá mi ti kú, bàbá mi kì í lọ síbì kankan. Ẹyẹ ló ń bá gbé. Bó o bá pè é yìí, á gbé kóòtù rẹ̀ fún alágbàfọ̀. Tó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ló wá, jẹ́ kí àwọn mẹ́ta náà jẹ́ tirẹ̀. Má bá a wá ènìyàn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Kò ní sí etí àyálò kankan. Bí mo bá ṣe é, má fẹ́ mi mọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló ní kó fi èyí tó kẹ́yìn yẹn kún un? Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹnu rẹ̀ ló ń dùn ún. Àwọn àgbà ti ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀gbẹ́ni wa ju tirẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ oògùn, ó sì fẹsẹ̀ fẹ lọ bí ẹni tó ṣoore.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó lẹ pósítà mọ́ gbogbo ògiri, ó kéde rẹ̀ lórí fóònù, ó wọ kíláàsì dé kíláàsì. Àkòrí ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́: "Bí Ẹyẹ Ṣe Ń Fi Ohùn Mọ Ara Wọn." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ ní àwọn máa wá.

Òjò ló wá ba nǹkan jẹ́. Ìdíje bọ́ọ̀lù àṣekágbá tó yẹ kí wọ́n gbá ní Ọjọ́rú, òjò ò jẹ́ kí wọ́n gbá a. Wọ́n sún un sí Ọjọ́bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, wákàtí kan náà. Yunifásítì tiwọn ló sì wọ àṣekágbá.

Gbọ̀ngàn-Kún wọ inú gbọ̀ngàn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dúró síbi tí bàbá máa dúró, ó wo àga. Àga náà ń wò ó padà. Ó rí kóòtù tí alágbàfọ̀ lọ̀. Ó rí bàbá arúgbó tó ń ṣí ìwé rẹ̀ níwájú igbó àga. Ó rí ara rẹ̀ níbi tí wọ́n á ti máa sọ ọ́ lẹ́yìn pé ọkọ ọmọ wo rèé, tí kò lè wá ènìyàn ogún fún bàbá ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń wá ènìyàn fún oníkòkò.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rojọ́. Ó ní irọ́ tí ènìyàn bá torí ìfẹ́ pa, kì í ṣe irọ́ tán. Ó ní ọmọbìnrin náà ò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù máa wà nígbà tó ń gba ìlérí. Ó ní bí bàbá bá padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, ta ló máa tù ú nínú? Ẹjọ́ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé òun ló rò ó, òun ló dá a, òun náà ló sì jàre. Ó gbé fóònù.

"Ọ̀gá, àwọn ènìyàn mi fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù o," ni Alátẹ́wọ́ wí.

"Sọ fún wọn pé kéèkì ìlọ́po méjì ni."

"Ṣé ẹni tó ń bọ̀ yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bàbá ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó yín mọ̀ pé ẹ pè wá?"

"Ìwọ ṣáà kó wọn wá."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún, ó kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́yẹ wọlé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dúró. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó tún nu ojú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sí ìlà iwájú. Ó yíjú padà, ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹn, ó wá wo Gbọ̀ngàn-Kún lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ń béèrè nǹkan kan.

Gbọ̀ngàn-Kún rìn lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. "Mi ò pe ẹnì kankan o. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí bàbá rẹ ni."

Ọmọbìnrin náà gbà á gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn-Kún sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló ń dun òun jù títí dòní. Mo ní ó yẹ kó dùn ún.

Bàbá ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí fóònù fi dún. Oníkéèkì ti ṣìnà, ó wà ní ẹnu ọ̀nà kejì, ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé. Gbọ̀ngàn-Kún wo bàbá, ó wo fóònù, ó sì sá tọ kéèkì lọ. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń pa làpálàpá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ gan-an kí Alátẹ́wọ́ tó sọ ọ́ fún un.

Bàbá ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó sì tún un ká. Ó ní, "Mo kọ ọ̀rọ̀ kan wá. Kí n sòótọ́, mo rò pé àga ni mo máa kà á fún. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí yín yìí, bí ẹ ṣe fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tí ẹ wá gbọ́ tèmi, mi ò lè tàn yín jẹ. Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, títí kan ọmọ mi tó jókòó níbí yìí. Etí mi ti ń lọ."

Bàbá ti ìwé náà bọ àpò kóòtù.

"Àwọn ẹyẹ tí ohùn wọn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Mo jí lọ́jọ́ kan, mi ò gbọ́ wọn mọ́. Mo rò pé àwọn agégi ló lé wọn. Mo kọ̀wé sí ìjọba, mo bú àwọn agégi. Mo tún ìwé míì kọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹyẹ ò lọ síbì kankan. Èmi ni mo lọ."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. Ọmọbìnrin bàbá ti fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá sọ bí rédíò ṣe ń ga sí i lójoojúmọ́. Ó sọ bí òun ṣe ń wo ẹnu ènìyàn kí òun tó dáhùn. Ó ní àdàbà nìkan ló kù fún òun, torí pé ohùn rẹ̀ kì; ìyẹn náà ń jìnnà sí i. Ó ní ènìyàn á fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ èdè kan, àwọn tó ń sọ ọ́ á wá dákẹ́ mọ́ ọn lójú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sunkún, kò sì bẹ ẹnì kankan pé kó ṣàánú òun. Nígbà tó sọ tán, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alátẹ́wọ́ ní òun gbìyànjú, ọwọ́ òun ò gbéra.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Gbọ̀ngàn-Kún rìn wọ̀ pẹ̀lú àwo kéèkì lọ́wọ́. Ó wo gbọ̀ngàn. Ìdákẹ́jẹ́ gidi àkọ́kọ́ tó máa rí látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, kò sì mọ̀ ọ́n. Ó rò pé ọ̀rọ̀ bàbá ti sú wọn ni. Ó gbé kéèkì sí ọwọ́ òsì, ó yọ gíláàsì, ó nù ún.

Alátẹ́wọ́ rí i, ó mi orí fún un pé rárá. Gbọ̀ngàn-Kún rò pé kò rí àmì náà dáadáa. Ó tún gíláàsì nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín gbọ̀ngàn tí íápíìsì wà létí rẹ̀ látìgbà tó ti jókòó. Bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́. Bàbá ti sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ẹni tó jókòó tì í rí gíláàsì, ó sì gún un ní ìgbọ̀nwọ́. Alábọ́ọ̀lù dìde, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Inú mi dùn sí àlàyé yín nípa bí ẹyẹ ṣe ń fi ohùn mọ ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ tẹ́tí sí wọn, ohùn wo ló máa ń dùn mọ́ yín létí jù?"

Bàbá na ọrùn. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, mi ò gbọ́ dáadáa. Gbé ohùn sókè."

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alábọ́ọ̀lù ń fà á láṣọ pé kó jókòó. Kò jókòó. Ó rò pé iṣẹ́ rere lòun ń ṣe. Ó ké e sókè, "Mo ní bí ẹ bá tẹ́tí sí ẹyẹ láàárọ̀, ohùn wo ló dùn mọ́ yín létí jù?"

Bàbá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bó ṣe fẹ́ tún un sọ, wáyà íápíìsì já kúrò lára fóònù. Ohùn oníròyìn bọ́ọ̀lù gba gbogbo gbọ̀ngàn: "Ó ti wọlé o, ó ti wọlé, ayò kan sí òdo."

"Ìyẹn mo gbọ́," ni Bàbá wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń tijú ara rẹ̀. Gbọ̀ngàn-Kún ń wá ibi tó máa gbé kéèkì sí, kò rí. Omi ti tẹ̀yìn wọ igbín lẹ́nu.

Alátẹ́wọ́ ló wá dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ìbéèrè tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún un ni." Ó gbé ohùn sókè kí bàbá lè gbọ́, gbogbo ayé sì bá a gbọ́ ọ. "Wọ́n kọ tèmi náà fún mi. Ó wà lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n mi ò ní béèrè rẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́ fún yín?"

Ọmọ náà kò dárúkọ ẹnì kankan. Kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, torí pé orí gbogbo ènìyàn ti yí sí ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí ọkùnrin kan ti dúró pẹ̀lú àwo kéèkì. Bàbá wo kéèkì náà, ó wo àwọn ọmọ, ó wá mọ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yí kẹ́yìn. Kò bínú. Gbọ̀ngàn-Kún ní ì bá sàn kó bínú. Ṣe ló ń wò ó bí ẹni tó ń wo orúkọ ara oògùn tó fẹ́ dá padà.

Bàbá di tábìlì mú. "Ta ló wá fúnra rẹ̀ nínú yín?"

Ọwọ́ díẹ̀ lọ sókè. Ọwọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé e ga.

"Èmi ò wá fúnra mi," ni Alátẹ́wọ́ wí. "Kéèkì ni mo bá wá. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè tèmi báyìí, bí ẹ bá máa gbà á. Bàbá, bí àdàbà náà bá wá dákẹ́, kí lẹ máa ṣe láàárọ̀?"

Bàbá fi tábìlì sílẹ̀.

"Màá ṣì máa jí," ni ó wí. "Màá gbé àga mi síta, màá jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹyẹ pé mi ò gbọ́ mọ́. Wọ́n ṣì ń kọrin fún mi. Kò dáa kí n má wá."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn-Kún ní òun tó mọ àtẹ́wọ́ bí ẹní mowó, òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò dọ́gba rárá. Àwọn kan tètè bẹ̀rẹ̀, àwọn kan pẹ́, kò sì tètè tán.

Bàbá àti ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn-Kún kọjá nígbà tí wọ́n ń jáde. Ọ̀gá obìnrin ló dúró, ó mú kéèkì kan, ó gé e jẹ.

"Fọ́tò dára," ni ó wí. "Fọ́tò ò dára báyìí rí. Má jẹ́ kí n tún rí kéèkì nínú ọgbà yìí mọ́."

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, apòògùn kò gbé ìpè Gbọ̀ngàn-Kún. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gba ilé Bàbá Ẹlẹ́yẹ lọ láàárọ̀ Sátidé. Bàbá jókòó síta lábẹ́ igi, fìlà rẹ̀ bo etí méjèèjì. Gbọ̀ngàn-Kún kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ẹn?"

"Mo ní kí ẹ dárí jì mí, sà."

"Mi ò gbọ́. Gbé ohùn sókè."

Obìnrin ilé kejì tó ń sá aṣọ dúró. Gbọ̀ngàn-Kún ké e sókè pé òun ti ṣe ohun tí kò dáa.

"Kí lo ṣe?"

"Mo yá ènìyàn wá síbi ọ̀rọ̀ yín, sà. Mo fi kéèkì pè wọ́n."

"Kéèkì ṣe kí ni?"

Ní àkókò yìí, àwọn ọmọdé ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ọkọ obìnrin tó ń sá aṣọ ti gbé ṣíbí oúnjẹ rẹ̀ jáde wá wòran. Gbọ̀ngàn-Kún di ojú pọ̀, ó fi gbogbo ọ̀fun pariwo pé òun fi kéèkì yá etí, òun parọ́ fún ọmọ bàbá, òun sì bo bàbá tó ń sọ òtítọ́ lójú pẹ̀lú ìbéèrè ẹlẹ́tàn, ilẹ̀ ì bá jẹ́ lanu kó gbé òun mì.

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, tuntun ni, ó ń dán.

"Ọmọ mi ló rà á fún mi. Mo gbọ́ ọ láti àkọ́kọ́."

Gbọ̀ngàn-Kún la ẹnu. "Kí ló wá dé tí ẹ ní kí n máa tún un sọ, sà?"

"Mo fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ọ." Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. "Dìde nílẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ni mo sọ lọ́jọ́ náà?"

Ìdí kéèkì ni Gbọ̀ngàn-Kún wà nígbà tí bàbá ń sọ ọ́. Bàbá wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, òun á máa wá sí gbọ̀ngàn. Ó ní ẹ̀gbẹ́ òun ni Gbọ̀ngàn-Kún á máa jókòó, ohun tí ẹ̀rọ yìí ò bá gbé dé etí òun, kó máa sọ ọ́ fún òun.

Ara Gbọ̀ngàn-Kún fúyẹ́. Ó rò pé ó tán. Ó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bá apòògùn níbi tó ti ń nu àwo.

"Bàbá ti dárí jì mí," ni ó wí.

"Mo gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà gbé àwo sílẹ̀, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Etí bàbá mi ló wúwo," ni ó wí. "Tèmi ò ṣe nǹkan kan. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ níwájú pẹpẹ oògùn lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ èyí tó kẹ́yìn náà."

Ó ti ilẹ̀kùn, kò gbá a.

Mo bi Gbọ̀ngàn-Kún pé ẹ̀kọ́ wo ni kí n bá a sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó jókòó, ó ronú títí tíì tó wà níwájú rẹ̀ fi tutù. Ó ní òun ti kọ ìbéèrè fún ènìyàn tó láyé òun, òun ò tún ní bá wọn kọ ìdáhùn.